Ohùn Inú Fídíò Kẹrin

Nígbà tí ohùn náà jáde, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlá ló wà nínú yàrá náà, gbogbo wọn sì jókòó bí ẹni tí a da omi tútù sí lẹ́yìn lójijì. Wọ́n wo amóhùnmáwòrán, wọ́n wo olùkọ́ wọn, wọ́n tún wo amóhùnmáwòrán. Olùkọ́ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀; ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, kò sì rí i pa dé. Ohùn obìnrin ni, ohùn tó yára, tó dùn, tó ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ tí ẹnìkan ṣí sílẹ̀ tó gbàgbé. Ìbéèrè ló ń béèrè, kò sì dánu dúró. Kò sí ẹni tí kò dá ohùn náà mọ̀. Ohùn olùkọ́ náà gan-an ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi já lù wọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò lè yé ẹni tí kò mọ irú ènìyàn tí obìnrin náà jẹ́. Màmá Dákẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn. Àwọn tó láyà díẹ̀ tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú. Nọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ọwọ́ ni. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tí a bá aṣọ funfun rẹ̀ ní rírún.

Iṣẹ́ tí ó ń kọ́ni ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí i rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ìyá bá ń fún ọmọ lóúnjẹ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ju pé wàrà ń kúrò nínú ìgò, ó ń wọ inú ọmọ. Màmá Dákẹ́ á ní rárá, ọ̀rọ̀ ni àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ. Ọmọ á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́: “Ẹ jẹ́ kí n mí ná.” Ìyá á fa ìgò sẹ́yìn: “Mo gbọ́.” Ọmọ á na ọwọ́ sí àyà ìyá: “Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ.” Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ yìí kà yóò mọ̀, kí ọmọ tó rù, kí ìyá tó sọ̀rètí nù, pé àwọn méjèèjì kò gbọ́ ara wọn yé. Nítorí náà ni àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn agbẹ̀bí àti àwọn tó ń bẹ ìyá wò nílé ṣe ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń wò, àti bí a ṣe ń dáhùn ọgọ́ta ìbéèrè orí ìwé ní “bẹ́ẹ̀ni” tàbí “bẹ́ẹ̀kọ́.” Ogójì jẹ́ ti ìyá, ogún jẹ́ ti ọmọ. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n á wo fídíò márùn-ún. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ bá ìwé ìdáhùn olùkọ́ mu ní ibi mọ́kànléláàádọ́ta, ó kéré tán. Bí kò bá pé bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé ẹ̀rí.

Màmá Dákẹ́ kì í fi iṣẹ́ yìí ṣeré. Ó fi ẹfun sàmì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí àga olùwò gbọ́dọ̀ wà: ẹ̀gbẹ́ ìyá, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Orí pẹ́ńsù méjèèjì ló ń gbẹ́, kí èyí tó bá ṣẹ́ má baà dá ìwòye dúró. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo òfin rẹ̀, ọ̀kan ló fi ṣe ìyá òfin: láti ìgbà tí ìgò bá ti kan ètè ọmọ títí ìyá yóò fi gbé e kalẹ̀, olùwò kò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan. Kò gbọ́dọ̀ kí ìyá, kò gbọ́dọ̀ yin ọmọ, ikọ́ pàápàá, kí ó gbé e mì.

“Bí ẹ bá ti la ẹnu,” ni yóò wí, “kì í ṣe ìyá àti ọmọ lẹ ń wò mọ́. Ara yín lẹ ń wò.”

Wọ́n ní agbọ́n kan bà lé e níwájú orí nílé ìyá kan, ó ta á, kò sì mí kanlẹ̀ títí ọmọ fi yó. Ojú kan tí kò wú ló fi pín ìwé ẹ̀rí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe káfíńtà, a máa sọ fún àwọn oníbàárà pé bí òun bá fẹ́ gbọ́ ohùn ìyàwó òun nílé, àfi kí òun fi òòlù gbá ara òun lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, èsì rẹ̀ ni pé wọ́n bí i mọ́ òun ni. Ó gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn.

Nínú fídíò márààrún, ẹ̀kẹrin ló gbajúmọ̀ jù. Òun fúnra rẹ̀ ló yà á ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ bíbẹ ìyá wò nílé. Ó gbé kámẹ́rà lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí àwòrán kò ti lè gbé e, ó sì dáhùn ọgọ́ta ìbéèrè náà lójú ẹsẹ̀; àwọn ìdáhùn yẹn ló di ìwé ìdáhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni. Yàrá tóóró kan, ibùsùn kan, aṣọ fèrèsé tó ní òdòdó, ìyá kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ, àti ọmọkùnrin olóṣù márùn-ún nínú apá rẹ̀. Ọmọ ń wo ojú ìyá, ó ń wá ojú ìyá. Ṣùgbọ́n ìyá kì í pẹ́ wò ó kó tó yí ojú kúrò lọ sí apá òsì. Ó yíjú, ó yíjú, ó tún yíjú. Nígbà tó yá, ọmọ fi ọwọ́ gbá ìgò, ó sì gbé ojú sókè, ó ń wo àjà bí arìnrìn-àjò tí ọkọ̀ já sílẹ̀ sọ́nà. “Ìyá Tí Ọkàn Rẹ̀ Kò Sí Lọ́dọ̀ Ọmọ” ni ohun tí a kọ sára páálí fídíò náà. Ìgbà gbogbo tí a bá ti fi í hàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á mí kanlẹ̀, ẹnìkan á sì ní, “Irú ìyá wo tiẹ̀ nìyí!”

Kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn inú fídíò náà rí. Olùkọ́ àgbà tí Màmá Dákẹ́ jogún àga rẹ̀ ló fi lélẹ̀ pé ojú nìkan ni a fi ń wo fídíò. Ìbéèrè tó jẹ mọ́ ohùn, tí kò sí lára ọgọ́ta náà, inú ilé àwọn ìyá fúnra wọn ni a ti ń kọ́ wọn. Ẹ̀rọ àwòrán àtijọ́ tí wọ́n ń lò kò tilẹ̀ ní ibi tí ohùn lè gbà jáde. Òfin náà sì bá Màmá Dákẹ́ lára mu bí ẹ̀wù tí a wọ̀n kí a tó rán.

Nínú àwọn mẹ́tàlá tó ń ṣèdánwò lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, agbẹ̀bí kan wà tó fi ọdún mẹ́jọ ju olùkọ́ lọ. Ìgbà kẹta rẹ̀ nìyí. Ilé ìwòsàn rẹ̀ ti kọ̀wé sí i pé bí kò bá mú ìwé ẹ̀rí bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, yóò kúrò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ ọwọ́, yóò lọ máa to fáìlì. Ó yege nínú fídíò mẹ́rin. Ó fìdí rẹmi nínú fídíò kẹrin.

“Ìyá Agbẹ̀bí,” ni Màmá Dákẹ́ wí, ó sì gbé ìwé náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, “méjìdínláàádọ́ta ni.”

“Mo mọ̀.”

“Méjìdínláàádọ́ta lẹ gbà lọ́dún tó kọjá. Méjìdínláàádọ́ta lẹ tún gbà lẹ́ẹ̀kejì.”

“Tíṣà mi, ẹni tó ń ṣàṣìṣe a máa yí àṣìṣe padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má baà sú u. Ohun kan náà ni mò ń rí ní tèmi.”

“Kí lẹ ń rí?”

“Ẹnìkan ń bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀. Ẹ wo ètè rẹ̀. Tó bá ti yíjú báyìí, á ní ‘bẹ́ẹ̀ni, mà.’ Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbẹ̀bí. Mo mọ ojú ìyá tó fẹ́ sá fún ọmọ, mo sì mọ ojú ìyá tí àgbà ń bá sọ̀rọ̀ tí ò mọ bó ṣe máa kọ̀.”

“Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá yẹn. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.”

“Ẹ̀yin náà nìyẹn.”

Yàrá náà hó. Nọ́ọ̀sì kan tó jókòó lẹ́yìn fi ọwọ́ lu tábìlì. “Hàà! Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ tọrọ àforíjì o! Tẹ́ ẹ bá ní ògiri ló sọ̀rọ̀, à bá gbà.”

“Màmá Dákẹ́ kẹ̀!” ni ẹlòmíràn wí. “Èyí tí agbọ́n ta!”

Agbẹ̀bí kò bá wọn rẹ́rìn-ín. “Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Amóhùnmáwòrán tuntun ni wọ́n gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, mo sì rí ihò ohùn lára rẹ̀. Tíṣà, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́ ká gbọ́. Tí mo bá parọ́, màá lọ máa to fáìlì mi láìjanpata.”

Màmá Dákẹ́ náà kò janpata. Ìdánilójú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé òun yóò pa ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí iṣẹ́ lè máa lọ. Ó dìde, ó ki wáyà bọ ihò, ó sì tẹ fídíò kẹrin láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Ọmọ ọdún mélòó ni yín?” ni ohùn náà wí. Ìyá yíjú. “Mọ́kànlélógún, mà.”

“Ọkọ yín ńkọ́? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?” Ìyá yíjú. “Awakọ̀ ni, mà.”

“Ó máa ń tètè wálé? Ta ló rán aṣọ fèrèsé yìí? Ó mà dára o! Ẹ̀yin lẹ rán an? Mélòó lẹ ra ọ̀pá kan?”

Ìyá yíjú, ìyá yíjú, ìyá yíjú. Gbogbo ìyíjú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mí kanlẹ̀ sí fún ọdún mẹ́rìnlá, gbogbo rẹ̀ pátá ló ní ìbéèrè tirẹ̀ níwájú. Màmá Dákẹ́ kọ́kọ́ rò pé ẹlẹ́yà ni, pé ẹnìkan ló ti dá ohùn òun sí i. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹ̀rín kan, ẹ̀rín kúkúrú tó máa ń rín láti imú, tí ọkọ rẹ̀ fi ń dá a mọ̀ nínú òkùnkùn, ó sì mọ̀ pé òun ni. Kò rántí. Ohun tó dẹ́rù bà á jù lọ nìyẹn. Ó wá inú ara rẹ̀ títí, kò rí ọjọ́ náà níbẹ̀. Obìnrin tó dákẹ́ nìkan ló bá.

Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́fà ń parí lọ, ohùn náà rẹlẹ̀ díẹ̀, bí ohùn ẹni tó fẹ́ gbani nímọ̀ràn.

“Ìyá, n óò sọ òótọ́ fún yín o. Mo ti ń wò yín láti àárọ̀. Ẹ kì í wo ọmọ yín.”

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà nínú àwòrán náà gbé ojú sókè, ètè rẹ̀ sì mì, bí ó ti ń mì níwájú ènìyàn igba ó lé méjìlá fún ọdún mẹ́rìnlá.

“Ẹ má bínú, mà,” ló wí. “Ẹ̀yin ni mò ń dá lóhùn.”

“Ẹ ṣáà máa gbìyànjú. Ọmọ mélòó lẹ tiẹ̀ fẹ́ bí?”

Àwòrán náà ṣú.

Nọ́ọ̀sì tó lu tábìlì ti ká ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìtan. Agbẹ̀bí, tó borí, kò ní ojú ẹni tó borí; ó ń wo ilẹ̀. “Tíṣà,” ló wí níkẹyìn, “ẹ jókòó ná.” Màmá Dákẹ́ kò jókòó. Ó ní kí wọ́n lọ sílé, òun yóò rí wọn ní àárọ̀ ọ̀la. Ìyẹn nìkan ló rí sọ, kò sì dá òun fúnra rẹ̀ lójú pé ohùn òun ló jáde.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í fẹ́ kí omi dàrú níbi tó bá wà, ti gbọ́ kí Màmá Dákẹ́ tó dé ọ́fíìsì rẹ̀.

“Ẹ fún obìnrin náà ní máàkì mẹ́ta,” ló wí. “Ó ti pé mọ́kànléláàádọ́ta nìyẹn. Ẹ wá fídíò mìíràn fún àwọn tó ń bọ̀. Kí ló tún kù?”

“Ìwé ìdáhùn kù, sà.”

“Màmá, ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ìwé ìdáhùn kò tọ́, ìgbìmọ̀ á béèrè ẹni tó dá a. Ènìyàn igba ó lé méjìlá la ti fi fídíò yẹn dán wò. Wọ́n lè gba àga yìí lọ́wọ́ yín.”

“Bí mo bá fi mẹ́ta ta agbẹ̀bí lọ́rẹ, sà, ìyá inú fídíò ṣì jẹ̀bi.”

Ọ̀gá yí bọ́tìnì ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ títí, ó sì ní kí ó lọ sùn, kí ó rò ó wò di ọ̀la.

Màmá Dákẹ́ kò lè dúró di ìgbà tí yóò sùn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin láago, ẹni tí wọ́n jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí a wà nílé ìwé, irú ènìyàn wo ni mí?”

“Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé o ò ṣàìsàn?”

“Ṣé mo máa ń dákẹ́?”

Ẹ̀rín tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá Dákẹ́ fi ní láti gbé fóònù kúrò létí. “Ìwọ? Ìwọ tá à ń pè ní Rédíò! O ò mọ̀ pé ìgbà tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ọ́, àwọn yàrá kejì wá ń béèrè bóyá a ti kó kúrò? Àbúrò mi, ìgbà tó o gba iṣẹ́ olùkọ́ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa rédíò. Gbogbo wa la ṣọpẹ́.”

Màmá Dákẹ́ jókòó sórí àga ìdáná, fóònù wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó ti kọ́ ìwà kan lọ́jọ́ àgbà, ó sì ti gbàgbé pé ó kọ́ ọ. Ó wá fi aṣọ ìwà náà bo gbogbo ọdún tó ti kọjá, ó ń wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó ń yin ara rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó rò pé òun mọ òwe náà tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú aago àti pẹ́ńsù olórí méjì, wọ́n sì jọ wo fídíò náà pẹ̀lú ohùn, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nọ́ọ̀sì inú fídíò sọ̀rọ̀. Ìgbà márùndínlọ́gbọ̀n ni ìyá yíjú.

“Méjì tó kù ńkọ́?” ni nọ́ọ̀sì tó jókòó lẹ́yìn béèrè.

Agbẹ̀bí ló dáhùn. “Ẹ wò ó dáadáa. Ìgbà méjèèjì yẹn, ọmọ ń sín. Ìyá gbọ́ àgbà, kò dáhùn. Ọmọ ló kọ́kọ́ dá lóhùn.”

Èyí ló kọlu Màmá Dákẹ́ ju ohun gbogbo lọ. Ìyá tó gbójúgbóyà fi àgbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọmọ rẹ̀, òun ló fi ṣe àpẹẹrẹ ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n yẹ àwọn ìdáhùn méjìlá tí agbẹ̀bí ti yàtọ̀ sí tirẹ̀ wò. Mọ́kànlá ni agbẹ̀bí gbà. Èyí tó ṣẹ́kù, agbẹ̀bí ló ṣì í. Màmá Dákẹ́ kọ mọ́kàndínlọ́gọ́ta sórí ìwé agbẹ̀bí, ó fọwọ́ sí i, ó ya páálí ara fídíò, ó sì lẹ òmíràn mọ́ ọn: “Olùwò Tí Kò Dákẹ́.” Lẹ́yìn náà ló kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀, ó sọ ẹni tó sọ̀rọ̀, iye ìgbà tó sọ ọ́, àti orúkọ ẹni tó dá ìwé ìdáhùn. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Wọ́n á gba àga yìí, Màmá.”

“Bí wọ́n bá gbà á, sà, kí wọ́n gbé e sórí àmì ẹfun. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́.”

Fáìlì ìyá inú fídíò náà ṣì wà ní yàrá ìsàlẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti bá ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ pẹ̀lú lẹ́tà tó dúró ṣánṣán: kí ìyá ọkọ máa fún ọmọ lóúnjẹ fún oṣù mẹ́ta. Ó ka ìlà náà títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Nọ́ńbà fóònù kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ó pè é; kò retí pé yóò ṣì máa dún, ṣùgbọ́n ó dún, obìnrin kan sì gbé e.

Ó sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó sọ ọdún náà, ó sọ yàrá náà. Ohùn kan tó ń fa nǹkan mu díẹ̀díẹ̀ ló ń gbọ́ lókèèrè.

“Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó béèrè ẹni tó rán aṣọ fèrèsé?”

“Èmi ni, mà.” Ó mọ̀ pé ó fi ọdún méjìlá ju obìnrin náà lọ, síbẹ̀ “mà” náà jáde fúnra rẹ̀. “Mo fẹ́ sọ pé…”

“Ẹ má bínú, ẹ dúró ná. Mò ń fún àbíkẹ́yìn mi lóúnjẹ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti wá sílé mi, n kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn tí ọmọ bá ń jẹun. Ọkọ mi mọ̀, ìyá ọkọ mi náà padà mọ̀. Ẹ dúró kó yó.”

Kò pa fóònù. Ó gbé e lé nǹkan kan tó le, bóyá tábìlì, bóyá fèrèsé. Màmá Dákẹ́ gbọ́ tí ọmọ ń mu, tí ó dá dúró, tí ó mí. Ó gbọ́ tí ìyá ní, “Hẹn-ẹn, mo gbọ́,” kì í ṣe fún òun. Ó gbọ́ tí ọmọ tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ láti àárọ̀ kún ẹnu rẹ̀ débi ètè. Ó fi eyín dì í mú, ó gbá fóònù mọ́ etí, ó sì dúró.